WES fún ẹni tó gba dìgírì ní Ìlọrin: ó tó owó tí wọ́n ń gbà bí?

WES (World Education Services) ni ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilé ìwé òkèèrè wò. Ìwé tí wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ kó lọ ṣiṣẹ́ ní Kánádà ni ECA (Educational Credential Assessment), tó ń sọ fún ìjọba wọn pé dìgírì Unilorin tàbí ti KWASU dọ́gba pẹ̀lú irú èyí báyìí lọ́dọ̀ tiwọn. Kì í ṣe físà, kì í sì í ṣe iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà Federal Skilled Worker wọ Express Entry, ètò tí Kánádà fi ń yan àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ wọn, ò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń lọ sí Ìlú Ọba ní tirẹ̀ kò ní nǹkan tó máa fi ECA yìí ṣe.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo ẹ̀, kò sì ta kókó. Ẹ ṣí àkáǹtì, ẹ mú ECA ti Kánádà, ẹ fi káàdì tó ń san dọ́là sanwó, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà kan. Ìgbà tí nọ́ńbà yẹn bá ti wà lọ́wọ́ ni kí ẹ tó lọ béèrè transcript, ìwé tó to máàkì yín lẹ́sẹẹsẹ, ní yunifásítì, torí ó gbọ́dọ̀ bá a rìn. Transcript tí kò ní nọ́ńbà á kàn dé ọ̀hún bí ẹrù tí kò lólúwa ni. Ilé ìwé fúnra rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́. Èyí tó bá ti kọjá lọ́wọ́ yín, òǹtẹ̀ ì báà kún ara rẹ̀, wọn ò ní gbà á. Ẹ̀dà sàtífíkéètì nìkan ni ẹ máa gbé síbẹ̀ fúnra yín. Ìwé àgùnbánirọ̀ àti ti WAEC, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi nínú àpótí.

Ibi tí mo ti yọ máàkì wọn nìyí: wọn kì í bá èèyàn lé ilé ìwé. Ọjọ́ tí wọ́n ń kà kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ sanwó, àfi tí gbogbo ìwé bá pé lọ́wọ́ wọn. Ẹ máa tẹ̀ lé transcript yín fúnra yín.

Orúkọ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù fún àwa ará Ìlọrin. Sulyman wà lára sàtífíkéètì, Suleiman wà nínú páásípọ́ọ̀tù. AbdulRasaq tí wọ́n so pọ̀ níbí, wọ́n ti gé e sí méjì lọ́hùn-ún. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá sì ní kí àwọn ọmọ kafé Tanke bá yín ṣe é, íméèlì tiyín ni kí wọ́n fi ṣí i, kì í ṣe tiwọn.

Ó tó owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìgbà tí ẹ máa rà á. Ọdún 5 ni ECA fi ń ṣiṣẹ́, ọdún 2 péré ni èsì IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ́kọ́ lépa ECA tó máa ń pẹ́, kí ẹ tó lọ kọ IELTS, General Training o, kì í ṣe Academic.

Dókítà àti apoògùn tó fẹ́ máa ṣe iṣẹ́ yẹn lọ́hùn-ún, ẹ má wulẹ̀ yà sí WES. Medical Council of Canada ló ń ṣe ECA dókítà, Pharmacy Examining Board of Canada ló ń ṣe ti apoògùn.