DaVinci Resolve àti fídíò kámẹ́rà púpọ̀: àgbéyẹ̀wò ẹni tó ń lò ó

Ká má fi ọ̀kan pe méjì: nínú gbogbo ohun tí mo ti fi mú kí fídíò kámẹ́rà púpọ̀ rìn pọ̀, DaVinci Resolve, sọ́fítíwíà tí a fi ń gé fídíò, ni mo fẹ́ràn jù. Kì í ṣe pé kò ní ibi tó kù sí. Àmọ́ bí ẹ bá wo ibi tó kù sí náà dáadáa, kámẹ́rà ló sábà máa ń fà á.

Àpérò àti eré orí ìtàgé ni mo ń yà jù. Kámẹ́rà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, fóònù kan láàárín wọn, àti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kan tó dá dúró. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í sì í parí lẹ́ẹ̀kan náà. Kí irú sọ́fítíwíà báyìí tó dé, ńṣe la máa ń wá ibi tí ẹnì kan ti pàtẹ́wọ́, tí a ó máa fa fídíò síwá sẹ́yìn títí ẹnu àti ọ̀rọ̀ yóò fi pàdé. Òwúrọ̀ gbáko lè bá a lọ.

Láti ẹ̀dà 12, tó jáde lọ́dún 2015, ni multicam (ètò tó ń so fídíò kámẹ́rà púpọ̀ pọ̀) ti wà nínú Resolve, ó sì wà nínú ẹ̀dà ọ̀fẹ́. Ẹ yan gbogbo fáìlì náà pọ̀, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ̀ wọ́n, kí ẹ mú “Create New Multicam Clip Using Selected Clips”. Yóò bi yín léèrè ohun tí kó fi mọ ibi tí wọ́n ti bára mu: In (ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ sàmì sí), Out (òpin tí ẹ sàmì sí), Timecode (nọ́ńbà àkókò tí kámẹ́rà ń kọ sára fídíò), Sound (ìró) tàbí Marker (àmì tí ẹ fi sí i). Sound ni tèmi. Ó máa wo ìrísí ìró inú fáìlì kọ̀ọ̀kan, á wá ibi tí gíga àti ìsàlẹ̀ wọn ti jọra, á sì tì wọ́n síbẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ ka dídára ohùn sí: ohùn fóònù tó ń hó láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lè bá ohùn máìkì tó mọ́ gaara mu, bí ọ̀rọ̀ kan náà bá ṣáà wà nínú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbà kí ẹnikẹ́ni pa ohùn kámẹ́rà rẹ̀, kódà bí a ò bá ní lò ó. Ibi tí ojú mi kì í ti í kúrò lára rẹ̀ ni orin tí ìlù rẹ̀ ń yípo lórí ohun kan náà. Ìlù kejì jọ ìlù kìn-ín-ní jù, fídíò sì lè lọ jókòó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kà sí. Nínú afẹ́fẹ́ tó mọ níwọ̀n, ìró ń rin nǹkan bí mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ bá ń ya fírémù 25 (ìyẹn àwòrán 25) ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìró kò ní tíì rin mítà 14 kí fírémù kan tó kọjá. Kámẹ́rà tó wà ní nǹkan bí mítà 28 sí orí ìtàgé á gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn fírémù méjì. Resolve á to ìró pọ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n nínú àwòrán kámẹ́rà ẹ̀yìn yẹn, ẹnu á máa ṣáájú ọ̀rọ̀. Ẹ ṣí multicam náà pẹ̀lú “Open in Timeline”, kí ẹ ti igun yẹn (ìyẹn fídíò kámẹ́rà náà) sí ọwọ́ ọ̀tún ní fírémù méjì. Ó tán.

Timecode yá ju Sound lọ, bí kámẹ́rà yín bá gbà á tọkàntọkàn. Kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ní ojú tí a ń ki timecode sí. Ẹ̀rọ kékeré bíi Tentacle Sync lè fi timecode sínú ihò máìkì gẹ́gẹ́ bí ìró, Resolve á sì kà á pẹ̀lú “Update Timecode from Audio Track”. Mo gbóṣùbà fún un níbí gan-an.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ fídíò tó gùn. Aago inú kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan ní eré tirẹ̀. Bí méjì bá fi 20 nínú mílíọ̀nù kan yàtọ̀ síra, tí kò sì jọ ohunkóhun létí, lẹ́yìn wákàtí kan wọ́n á ti fi ìdá 72 nínú 1000 ìṣẹ́jú-àáyá jìnnà síra, ìyẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fírémù méjì. Ojú kan ni multicam ti ń so fáìlì mọ́ra, kì í fà á gùn. Nítorí náà, òpin fídíò ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kámẹ́rà tó ń gé fáìlì sí 4GB tiẹ̀ ṣe wá lóore níhìn-ín, torí a óò tún ègé kọ̀ọ̀kan so. Ẹ kàn kọ nọ́ńbà kámẹ́rà sínú Metadata (àlàyé nípa fáìlì), kí ẹ sì yan “Detect clips from same camera”, kí àwọn ègé náà lè wà lórí igun kan.

Fóònù ló ń yọ mí lẹ́nu jù. Púpọ̀ nínú wọn ni iye fírémù wọn ń lọ sókè sódò láìdúró sójú kan, ohùn á wá máa kúrò lára àwòrán díẹ̀díẹ̀. HandBrake, sọ́fítíwíà tó ń yí fídíò padà, ni mo máa ń fi yí i sí “Constant Framerate” (iye fírémù tó dúró sójú kan) kí n tó gbé e wọlé. Iye fírémù iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ ti mú un kí fáìlì kankan tó wọlé, nítorí bí wọ́n bá ti wọlé, Resolve kì í jẹ́ kí ẹ yí i mọ́.

Gígé rẹ̀ dùn. Ẹ ó máa wo gbogbo igun pa pọ̀, ẹ ó máa tẹ èyí tó wù yín, ó ń gé. Bí kọ̀ǹpútà bá ń lọ́ra, ẹ ṣe proxy (ẹ̀dà fídíò tó fúyẹ́ fún gígé). Ẹ rí i pé bọ́tìnì fídíò nìkan ló tàn lábẹ́ ibi ìwòran, kí ohùn má bàa máa fò láti kámẹ́rà dé kámẹ́rà pẹ̀lú gbogbo gígé yín.