Ilé-Ìṣọ́ Agogo Ìlú Bruges: Ẹ Má Kánjú Dé Òkè

Ipele àtẹ̀gùn 366 ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé òkè ilé-ìṣọ́ agogo tí ó wà ní ojúde ọjà ìlú Bruges, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, kò sì sí lífìtì níbẹ̀. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé òun ni ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ kọ́kọ́ rò kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi àti àbúrò mi obìnrin tí ó ń gbé ní Brussels ni a jọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ ní àárọ̀ Sátidé kan, ìrìn nǹkan bíi wákàtí kan. Bàtà gogoro ni ó wọ̀, a kò sì tíì gùn ún dé ìdajì tí ó fi bọ́ ọ sọ́wọ́.

Iye ènìyàn kan pàtó ni wọ́n ń jẹ́ kí ó wà nínú ilé náà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà a tò fún ogójì ìṣẹ́jú. Ìyẹn fún mi láyè láti wo ilé náà dáadáa láti ìsàlẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1240 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ mọ́ gbọ̀ngàn ọjà, nígbà tí òwò aṣọ onírun àgùntàn ń sọ Bruges di ọlọ́rọ̀. Iná jó o ní ọdún 1280, ìwé àṣẹ tí ìlú kó pamọ́ síbẹ̀ sì bá a lọ. Wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì fi apá òkè onígun mẹ́jọ lé e láàárín ọdún 1483 sí 1487, pẹ̀lú ṣóńṣó onígi ní orí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 1493 àrá sán lu ṣóńṣó náà, ó sì jóná. Wọ́n ṣe òmíràn. Iná tún mú ìyẹn náà ní ọdún 1741, ó sì jọ pé ọ̀rọ̀ náà ti sú wọn, nítorí wọn kò ṣe ṣóńṣó mọ́. Ìdí abájọ nìyẹn tí orí ilé gíga mítà 83 yìí fi dà bí ohun tí wọ́n gé.

Ibi ìsinmi àkọ́kọ́ lójú àtẹ̀gùn ni yàrá ìṣúra, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé àṣẹ àti èdìdì ìlú sínú àpótí lẹ́yìn ilẹ̀kùn onírin láyé àtijọ́. Ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn kọ́kọ́rọ́ àpótí náà máa ń wà nígbà náà, kí ẹnì kan má baà dá a ṣí. Ẹni tí ó bá ti ṣe akápò ẹgbẹ́ rí kò nílò àlàyé lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó tó owó tí mo san wà lókè díẹ̀, òun ni àgbá bàbà ńlá kan tí wọ́n gún èèkàn irin sí lára káàkiri. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ dúró, ẹ má tíì gòkè. A dúró nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ títí aago fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù; ohun kan dún kẹ̀ẹ́, àgbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí díẹ̀díẹ̀, èèkàn kọ̀ọ̀kan ń gbé irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sókè, irin ń fa wáyà, wáyà ń fa òòlù, orin sì ń jáde lórí wa láti ara àwọn agogo idẹ. Mo gbé ọwọ́ lé ògiri, mo sì gbọ́ orin náà ní àtẹ́lẹwọ́. Agogo 47 ni ó wà níbẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ kan, ènìyàn ni ó ń jókòó lù wọ́n, tí yóò máa fi ìkúùkù gbá ọ̀pá igi, tí yóò sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ ti ìsàlẹ̀. Láyé àtijọ́, agogo ilé yìí ni ó ń sọ fún ará ìlú pé iṣẹ́ yá, pé iṣẹ́ parí, tàbí pé iná ń jó. Iṣẹ́ akéde ni, bí kò ṣe pé akéde tiwa a máa gbé agogo rìn kiri àdúgbò.

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni àtẹ̀gùn di híhá gan-an. Okùn ni a ń dì mú, ẹni tí ó ń gòkè àti ẹni tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fara mọ́ ògiri kí wọ́n tó lè kọjá lára wọn. Ní ti òkè pátápátá, òrùlé pupa àti odò tí wọ́n gbẹ́ la ìlú já ni a rí, ó sì lẹ́wà, àmọ́ nẹ́ẹ̀tì onírin tí ó bo ojú fèrèsé kò jẹ́ kí fọ́tò wa dára.

Ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu kò ní pàdánù púpọ̀ bí ó bá lọ sí ìlú Ghent tí kò jìnnà síbẹ̀. Ilé-ìṣọ́ agogo tiwọn ga ní mítà 91, ó ní lífìtì, ó sì wà nínú ìwé ogún àgbáyé UNESCO láti ọdún 1999 gẹ́gẹ́ bí ti Bruges.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, a jókòó sí ojúde ọjà láti sinmi. Agogo tún dún, gbogbo àwọn àlejò tí ó wà níbẹ̀ gbójú sókè, àbúrò mi sì ń fi ìka rẹ̀ ka èèkàn lórí tábìlì.