Sípíkà méjì tó ń bá ara wọn jà nínú yàrá mi

Lálẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógún tí sípíkà yìí dé ilé mi ni mo yọ bátìrì inú rímóòtù, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo sì dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Ohun tí mo rí lálẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n máa kọ èyí. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ á dá a mọ̀: méjì ni, onígi, kò tóbi ju kó dúró sórí pẹpẹ ìwé lọ, áńpù kékeré kan (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára) àti hẹ́dífóònù aláìníwáyà kan sì bá a wá nínú páálí. Agbára rẹ̀ àti àwọn nọ́ńbà yòókù wà lára páálí náà, ẹ kà á níbẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ tan án, ohùn tó jáde mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n kò nídìí. Mo gbé orin kan sí i tí béèsì rẹ̀ máa ń mi ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn dúró jẹ́ẹ́. Èyí tó tún rú mi lójú ni olórin fúnra rẹ̀. Ó yẹ kí ohùn rẹ̀ dúró sáàárín sípíkà méjèèjì, bí ẹni tó kọjú sí mi. Mi ò mọ ibi tó wà. Mo yí orí díẹ̀ báyìí, ó sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mo jókòó dáadáa, ó dà bíi pé ẹ̀yìn orí mi ló ti ń kọrin. Mo sún wọn mọ́ ògiri, torí ògiri àti kọ̀rọ̀ yàrá máa ń fi kún béèsì. Kò fi nǹkan kan kún un. Mo yí béèsì áńpù dé òpin, ó kàn ń kùn ni.

Ni mo bá pe ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Wọ́n ní kí n dúró, mo dúró fún ìṣẹ́jú 26, orin kan ṣoṣo ló ń yí po létí mi. Kí n má parọ́, béèsì orin yẹn nínú fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ti sípíkà mi lọ. Arákùnrin kan wá gbé e, ó gba nọ́ńbà ara páálí lẹ́nu mi, ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà.

"Ṣé ẹ ti lò ó tó igba wákàtí, sà?"

"Ọjọ́ kẹta rèé tí mo rà á."

"Háà, kò tíì mọ́ra ni, sà. Awọ rẹ̀ ṣì le. Ẹ jẹ́ kó máa kọrin tọ̀sán-tòru."

Mo jẹ́ kó máa kọrin tọ̀sán-tòru títí àwọn ará ilé mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kó jáde fún mi. Kò mọ́ra. Mo tún pè ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹlòmíràn ló gbé e. Ó gba nọ́ńbà náà, ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbàgbé: "Ó lè jẹ́ pé etí yín ni kò tíì mọ ohùn tó dáa, sà."

Etí mi! Mo bi í pé ṣé etí tí mo fi ń gbọ́ ẹ yìí. Ó rẹ́rìn-ín. Ká ní ó ṣépè fún mi ni, ì bá sàn ju ẹ̀rín yẹn lọ. Mo kọ lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì sí wọn ní ọjọ́ kẹrìnlá, èsì tí mo rí gbà ni pé wọ́n ti yanjú ẹ̀sùn mi. Ta ló yanjú ẹ̀? Ìgbà wo?

Ìgbà tí mo pè ní ọjọ́ kọkàndínlógún, bóyá àṣìṣe ni o, wọ́n so mí pọ̀ mọ́ ìyá kan ní ẹ̀ka àtúnṣe. Kò bèèrè nọ́ńbà kankan.

"Ọ̀gá, ẹ má fi orin sí i. Ẹni tó ń ka ìròyìn ni kẹ́ ẹ wá, kí ohùn kan náà máa jáde lọ́tùn-ún lósì. Ẹ wá kọjú sípíkà méjèèjì síra wọn, kí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kora."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn asọ̀ròyìn di ti ẹ̀fọn.

"Ẹ pa áńpù. Ẹ yí wáyà ẹ̀yìn ọ̀kan ṣoṣo padà, pupa sí dúdú, dúdú sí pupa. Ẹ tún un tàn. Ó wálẹ̀ àbí kò wálẹ̀?"

Ó wálẹ̀, mà. Ó wálẹ̀ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù sílẹ̀. Bàbá gidi ló ń ka ìròyìn yẹn látẹ̀yìn wá.

Ó ní bí awọ ọ̀kan ṣe ń ti afẹ́fẹ́ síwájú ni èkejì ń fà á sẹ́yìn, kí ló fẹ́ kù síbẹ̀? Béèsì ló ń jìyà rẹ̀ jù. Ìró tó bá ń gbọ̀n nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì rẹ̀ gùn ju mítà 3 lọ, ó gùn ju àlàfo tó wà láàárín sípíkà méjì mi, ni wọ́n bá ń pa ara wọn rẹ́. Àwọn ìró tín-ínrín, ìgbì wọn ò ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, wọn ò ráyè pa ara wọn rẹ́ déédéé. Ohun tó jẹ́ kó mọ́ tí kò sì nídìí nìyẹn.

Mo ní, mà, pupa ni mo so mọ́ pupa láti ọjọ́ kìíní o. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Á jẹ́ pé inú ni wọ́n ti gbé e gba òdì. Ṣé ẹ ní bátìrì kékeré nílé?"

Bí mo ṣe di ẹni tó dọ̀bálẹ̀ nìyẹn. Mo tú wáyà kúrò lára áńpù pátápátá. Bátìrì fóltì 1.5, orí rẹ̀ sí pupa, ìdí rẹ̀ sí dúdú, fìrí báyìí, kò gbọdọ̀ pẹ́. Sípíkà ọ̀tún ṣe "pó", awọ rẹ̀ ta síwájú. Mo lọ sí tòsì. "Pó", awọ rẹ̀ fà wọnú bí ikùn ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Mo ṣe é tó ìgbà mẹ́wàá. Wọnú, wọnú, wọnú. Inú bí mi débi pé mo ń dá sọ̀rọ̀. Ṣé wọ́n kó nǹkan yìí sí páálí láìsí ẹni kan tó gbọ́ ọ?

Mo fi wáyà tòsì sí òdì, kí òdì méjì di títọ́. Mo gbé orin ọjọ́ kìíní sí i. Ilẹ̀kùn mì. Olórin dúró sáàárín gbùngbùn, mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ kejì. Mi ò sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Mi ò tíì gbọ́ ohùn tó dùn tó báyìí nílé mi rí.

Ti hẹ́dífóònù, mo jẹ̀bi. Mo ti kọ nínú lẹ́tà mi pé ó ń di bíi fóònù àtijọ́ tí mo bá fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Àṣé bí kọ̀ǹpútà bá ti ṣí ẹnu ìsọ̀rọ̀ (máíkì) ara hẹ́dífóònù náà, Bluetooth á kúrò ní ipò orin, á bọ́ sí ipò ìpè, ohùn á sì rẹ̀ wálẹ̀. Mo ní kí kọ̀ǹpútà máa lo ẹnu ìsọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó tán. Ẹni tó bá ń lo awò ojú kó mọ̀ pé ẹsẹ̀ awò á gbé tìmùtìmù hẹ́dífóònù sókè, béèsì á sì gba ibẹ̀ jò.

Ní ọjọ́ kejì, arákùnrin àkọ́kọ́ pè mí fúnra rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ó ti wá mọ́ra báyìí?" Mo ṣàlàyé bátìrì àti òdì fún un látòkèdélẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé é, sà, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti mọ́ra."

Máàkì: 5 nínú 5. Ìyá ẹ̀ka àtúnṣe ló ni mẹ́rin.