Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a fi la ìjì Beryl kọjá ní Houston

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ kọ́ńpìnì tó ṣe é, oríṣi wọn pọ̀ lọ́jà, tẹ́ ẹ bá sì tú inú wọn wò, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àwọ̀ ike ara wọn ló yàtọ̀. Inverter ni wọ́n ń pè é níbí, kì í ṣe èyí tó ń lo bátìrì tẹ́ ẹ mọ̀ ní Nàìjíríà o, jẹnẹrétọ̀ gidi ni, epo bẹntiróòlù ló ń mu, àmọ́ wọ́n fi ike bò ó bí àpótí, ó lọ́wọ́ lókè téèyàn lè fi gbé e. 1,800 watts ló ń gbé, ó lè dé 2,200 fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí nǹkan bá fẹ́ gbéra. Táǹkì ẹ̀ fi díẹ̀ ju jálá kan lọ. Mo fi díẹ̀ ju 500 dọ́là rà á, ìyàwó mi bá mi jà sí i gan-an, ó ní ṣebí torí ariwo jẹnẹrétọ̀ wà lára ohun tá a ṣe sá kúrò ní Mushin.

May 2024 ni mo rà á, lẹ́yìn ìjì tó jà ní ọjọ́ 16, èyí tí wọ́n ń pè ní derecho, tó fọ́ fèrèsé àwọn ilé gogoro tó wà ní downtown. A lò ó fọ́jọ́ mẹ́ta, iná dé, mo gbé e sí gáráàjì, mi ò wo ibi tó wà mọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí Beryl máa wá dé ní July, ká sòótọ́, a ò kà á sí. Ó ti ba Carriacou ní Grenada jẹ́ ní July 1, kò pẹ́ ló di Category 5, ìpele ìjì tó le jù, kò sì tíì sí ìjì tó tètè dé Category 5 tó bẹ́ẹ̀ nínú ọdún rí ní Atlantic, ṣùgbọ́n Mexico ni wọ́n ní ó ń lọ, tàbí ìsàlẹ̀ Texas lọ́hùn-ún, títí tó fi di wíkẹ́ńdì tí ọ̀nà tí wọ́n yà fún un lórí máàpù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀ lọ́dọ̀ wa díẹ̀díẹ̀. Mo sáré lọ ra epo ní Sunday, kẹ́ẹ̀gì méjì, jálá 5 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi inú ike ti tán ní ṣọ́ọ̀bù tí mo dé. Àwa tá a bá ìjì Harvey níbí ní 2017 yẹ kí á gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, àbí?

Aago mẹ́rin ìdájí Monday, July 8, ló wọlẹ̀ ní Matagorda, létí òkun Texas. Category 1 lásán. Ìyá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá bá wa gbọ́mọ, wọ́n gbé ọmọ mọ́ra ní kọ́rídọ̀ tí kò ní fèrèsé, wọ́n ń ka Sáàmù 91 ní àkàtúnkà. Afẹ́fẹ́ yẹn ò fẹ́ bí afẹ́fẹ́, ó ń hu bíi màlúù. Fẹ́ǹsì wa kan dùbúlẹ̀, igi oak aládùúgbò ya sójú títì. Iná wa ti lọ kó tó di aago mẹ́fà, kí ọjọ́ yẹn tó parí, ilé tó ju mílíọ̀nù méjì lọ ni kò níná.

Èèyàn ò lè tan jẹnẹrétọ̀ yìí nínú òjò, kẹ́ ẹ mọ̀. Ọ̀sán ni òjò dá, mo gbé e síta, mo fa okùn. Ó dákẹ́. Mo fà á títí apá fi ń ro mí, kò tilẹ̀ wúkọ́.

Mo mọ ohun tó ṣe é. Mo ti gbàgbé epo sínú kabúrétọ̀ láti May. Epo tí wọ́n ń tà níbí ní ethanol nínú, irú ọtí kan, tó bá jókòó sójú kan pẹ́ ó máa ń fa omi, ó máa ń bàjẹ́, ìdọ̀tí ẹ̀ á wá lẹ̀ mọ́nú ihò. Mo tú ike ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo tú abọ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ kabúrétọ̀, ohun tó jáde níbẹ̀ pọ́n bí àgbo, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Jẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ihò tí epo ń gbà kọjá, tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ti dí pátápátá. Mo já wáyà kan, mo fa fọ́nrán kan ṣoṣo yọ nínú ẹ̀, mo fi ń gún un bí àwọn mẹkáníìkì Mushin ṣe máa ń ṣe, Màmá dúró tì mí, wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Bàbá Dámi, ṣé wọ́n gbé NEPA tẹ̀ lé yín wá síbí ni?" Ẹ̀rín ò jẹ́ kí n lè mú fọ́nrán wáyà yẹn dúró. Nígbà tí mo dè é padà, mo fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dáhùn. Màmá pariwo "Up NEPA!", ọmọ jí.

Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e pamọ́, ẹ ti epo ẹ̀ pa, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lọ títí tó máa fi kú fúnra ẹ̀. Ó wà nínú ìwé tó bá a wá. Mi ò kà á.

Láti ìgbà yẹn, mi ò rí ẹ̀bi ẹ̀. Fíríìjì àti fírísà, fáànù méjì, fóònù gbogbo wa, ó gbé e tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Ooru ọ̀sẹ̀ yẹn burú o, ó lé ní 90 Fahrenheit lójoojúmọ́, torí náà tó bá dalẹ́ a máa yọ fírísà, a ó wá ki AC ojú fèrèsé bọ̀ ọ́, èyí tó kéré jù, 5,000 BTU, kò ju 500 watts lọ, gbogbo wa á sùn sí yàrá kan. Fírísà tó bá kún tí ẹ ò ṣí i lè mú tútù ẹ̀ dání fún ọjọ́ méjì, ẹran ewúrẹ́ àti ata lílọ̀ wa ò tilẹ̀ yọ́. Ohun tó lòdì sí i ni nǹkan tó ń gbóná. Màmá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́ láti lọ bùbá nígbà tí AC ń ṣiṣẹ́, iná pupa tàn, gbogbo nǹkan kú. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, mo kàn pa á, mo tún un tàn.

Ariwo ẹ̀ ò tó ti I better pass my neighbour, èèyàn lè dúró tì í kó máa fi fóònù sọ̀rọ̀. Ẹ gbé e síbi tó tẹ́jú, mo kọ́kọ́ gbé e sí ojú ọ̀nà mọ́tò tó da gẹ̀rẹ́, ó ń kú lọ́gbọ̀n-lọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú, ó rò pé ọ́ìlì òun ti tán. Kẹ́ ẹ sì jọ̀ọ́, ìta pátápátá ni, 20 ẹsẹ̀ bàtà sí ilé, kì í ṣe gáráàjì tẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀ sílẹ̀. Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín yẹn ò lóòórùn, ẹ mọ iye ìdílé tó ti sùn tí wọn ò jí nílé lọ́hùn-ún.

Epo ló fẹ́ pa wá. Táǹkì méjì ó lé lóòjọ́, kẹ́ẹ̀gì méjèèjì tán lọ́jọ́ kẹrin, ilé epo tí kò níná ò sì lè fa epo. Áàpù Whataburger, àwọn tó ń ta bọ́gà, la fi ń mọ ibi tíná wà, mi ò pa irọ́, àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù wọn bá pọ́n lórí máàpù, ìyẹn ni pé wọ́n ṣí, ibẹ̀ la máa wakọ̀ lọ. Saturday niná tiwa tó dé.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, ti ọ́ìlì ni. Ihò tí wọ́n ń gbà dà á jáde náà ni wọ́n ń gbà rọ ọ́ sí i, ẹ máa da odindi ẹ̀rọ dẹ̀gbẹ́ ni, ọ́ìlì dúdú á sì ṣàn sínú ike ìdí ẹ̀ kó tó kán sínú abọ́. Ìnùjú aṣọ mẹ́ta ni mo bà jẹ́, ọ̀kan nínú wọn, ti Màmá ni.