Àwọn tó wá yẹ kóòtù àtijọ́ ìlú wa wò: mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn

Àwọn tó ń yẹ ilé àtijọ́ wò bóyá ohun tó lè pa èèyàn lára wà nínú ẹ̀ la pè. Owó tí wọ́n gbà dùn mí o, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá iye lé e, alága kọmitíì wa ṣí fìlà, ó fi nu ojú, ó ní ṣé owó yìí ò ní kun gbogbo ilé náà lọ́dà tán, ká tún rí ìyókù fi ra àga. Mi ò lè bá wọn jiyàn. Èmi akọ̀wé tí mo ní ká pè wọ́n gan-an, àyà mi já.

Kóòtù ìbílẹ̀ tí wọ́n kọ́ láyé òyìnbó ni ilé ọ̀hún, tẹ́ ẹ bá kúrò l'Ọ́mù-Àrán ẹ ò ní pẹ́ débẹ̀. Nígbà tí kóòtù kó kúrò ó di díspẹ́ńsárì, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n ń kó ẹrù oko sí i, nígbà tó yá ó di ilé àdán. Àwọn kan ní ká wó o. Àmọ́ àwa tá a sún mọ́ Èsìẹ́, tí mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà láti 1945, tí wọ́n ti ń kó wa lọ wo àwọn ère òkúta yẹn látìgbà tá a wà ní pámárì, a ní kò séyìí tó jọ ọ́, láíbírì àti ibi kọ̀ǹpútà fáwọn ọmọ iléèwé la máa sọ ọ́ dà.

A ti ṣàṣìṣe díẹ̀ kí wọ́n tó dé ṣá. Káfíńtà tá a kọ́kọ́ pè gun òkè, ó fi hámà fọ́ sílíìnì méjì lulẹ̀ kó lè rí igi tó wà lókè, àwọn ọmọ wa wá fi ìgbálẹ̀ gbá a, eruku bo gbogbo ibẹ̀ bí ọyẹ́, kò sẹ́ni tó bo imú. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá kà nípa sílíìnì asbestos, ìyẹn èyí tí fọ́nrán òkúta wà nínú ẹ̀, tí eruku ẹ̀ léwu, oorun dá lójú mi, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà nìyẹn.

Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n dá, méjìlá ni wọ́n tó ti Ìlọrin dé. Mo ti di ọ̀rọ̀ sẹ́nu dè wọ́n, àfi bí ọ̀gá wọn ṣe bọ́ọ́lẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, Ìlọrin Àfọ̀njá ẹnu dùn ju iyọ̀, kó tó bẹ̀bẹ̀ tán èmi ni mò ń bi í pé ṣé wọ́n ti jẹun.

Ohun tó jẹ́ kí n fún wọn ní mẹ́rin rèé. Wọn ò ṣí báàgì kankan. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó bá ọ̀gá wá ní ta ló dàgbà jù tó mọ ilé yìí nígbà tí wọ́n ń lò ó. A mú wọn lọ bá Bàbá tó ṣe mẹ́sẹ́ńjà níbẹ̀ nígbà kan. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn.

Bàbá ní, "Ọmọ mi, yàrá ẹ̀yìn yẹn, gamalin la ń kó síbẹ̀. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn, ṣe ni ojú mi á máa ta."

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ǹjẹ́ gálọ́ọ̀nù kankan jò rí?"

"Ọ̀kan kọ́ o. Omi la fi ń ṣan ilẹ̀ tó bá ti jò."

"Omi yẹn ńkọ́, sà, ibo lẹ ń dà á sí?"

Bàbá na ọ̀pá sí ìdí máńgòrò. Ẹ̀gbẹ́ kànga ni máńgòrò yẹn wà o! Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, mi ò gbọ́ ọ rí. Ọ̀gá ní lára iṣẹ́ ni ìbéèrè yẹn, pé àkọ́kọ́ ni kéèyàn wádìí ìtàn ilé kó sì fojú yẹ̀ ẹ́ kiri, ìkejì ni kó gbẹ́ ilẹ̀ kó sì kó sáńpù lọ láàbù, torí láàbù ò lè bá ẹ wá ohun tí o ò ní kó wá.

Ẹni tí bàbá ẹ̀ bá ní oko kòkó á mọ Gammalin 20, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara kòkó, òun ni Bàbá ń pè ní gamalin. Lindane ló wà nínú ẹ̀, òun náà làwọn kan ń dà sódò fi pa ẹja, àwa ń jẹ ẹ́. Ọdún 2009 ni wọ́n fi lindane kún àwọn oògùn tí àdéhùn Stockholm ní kí gbogbo ayé pa tì, torí kì í tètè jẹrà, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yàrá yẹn àti ìdí máńgòrò, wọ́n bu ti òkè, wọ́n bu ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì fa omi kànga. Èsì dé: ó wà nílẹ̀ yàrá, ó wà ní ìdí máńgòrò, wọn ò rí i nínú omi kànga. Ìyá tó ń pọnmi níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá kàn jókòó ni, wọn ò lè sọ̀rọ̀.

Ti ọ̀dà, wọ́n mú ẹ̀rọ kan jáde bí ìbọn tí wọ́n fi ń yẹ ibà wò níwájú orí nígbà kòrónà, wọ́n ń gbé e lé fèrèsé àti ilẹ̀kùn, ó ń ka òjé tó wà nínú ọ̀dà láì họ ọ́. Òjé inú ọ̀dà tuntun ò gbọ́dọ̀ ju ìdá 90 lọ nínú mílíọ̀nù kan, èyí tí wọ́n gbé lọ láàbù nínú tiwa wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Kò sí ìwọ̀n òjé tí àjọ WHO ní kò léwu, ọmọdé tó bá sì gbé e mì, ara ẹ̀ á fà á ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbà. Tẹ́ ẹ bá rántí Zamfara ní 2010, bí òjé ibi ìwakùsà wúrà ṣe pa àwọn ọmọ, ẹ ò ní fi sáńpépà gbígbẹ ha ilé àtijọ́ mọ́. Wọ́n ní ká yọ fèrèsé àtàwọn ilẹ̀kùn tó ń ha ara wọn, torí ibẹ̀ ni eruku ti ń jáde, ti ara ògiri tí kò tíì bó, ká kun òmíì lé e.

Asbestos ni mo ti rò pé wọ́n máa fi dẹ́rù bà wá gbowó. Wọ́n fi omi ọṣẹ rin sílíìnì, wọ́n gé kékeré, wọ́n dì í sí ọ̀rá méjì, wọ́n lẹ ojú ibẹ̀ pa. Láàbù ní asbestos ni lóòótọ́, èyí funfun. Funfun o, búlúù o, gbogbo ẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ, ó sì lè tó 20 ọdún sí 40 kó tó yọjú. Síbẹ̀ ọ̀gá ní páànù asbestos tó wà lókè, tí kò bá fọ́, tẹ́ ẹ ò lù ú, tẹ́ ẹ ò gbẹ́ ẹ, ẹ fi sílẹ̀, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Sílíìnì tó ti là nìkan ni wọ́n ní ká yọ, ká rin ín dáadáa, ká má ṣe gbá a ní gbígbẹ. Mo bi wọ́n nípa àwọn ọmọ wa tó gbá a lọ́jọ́sí. Ọ̀gá ní ewu ẹni tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan ò tó ti ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́, àmọ́ kò bá mi purọ́ pé kò sí nǹkan kan. Ó ṣì wà lọ́kàn mi.

Àdán náà nìyẹn, àwọn tó dorí kodò tí wọ́n ń wòṣe ẹyẹ. Nǹkan kan bí èyí tó ń bu lára búrẹ́dì máa ń hù nínú ìgbẹ́ wọn, ó lè bá ẹ̀dọ̀fóró jà. Ká rin ín, ká bo imú, ká dí ihò lálẹ́ tí wọ́n bá ti jáde, tí kì í bá ṣe àsìkò tí ọmọ wọn wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀jọ́ tí mo ní rèé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n dá fún èsì di méje, tá a bá pè, wọ́n á ní láàbù Èkó ni. Rìpọ́ọ̀tù wọn nípọn bí Kùránì, gẹ̀ẹ́sì líle, Kábíyèsí ò lè kà á, wọ́n wá fẹ́ gba owó lọ́tọ̀ láti wá ṣàlàyé ẹ̀ lédè Yorùbá, mo fàáké kọ́rí, ọmọbìnrin yẹn ló pàpà wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé ojú ewé tó gbẹ̀yìn, iye tí àwọn fúnra wọn máa gbà láti kó sílíìnì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún mi pé ilé mi ń ṣàìsàn ò yẹ kó tún jẹ́ ẹni tó ń ta oògùn ẹ̀. Mi ò rí irọ́ nínú èsì wọn o, àmọ́ ibẹ̀ ni máàkì kan lọ. Ìdí tí mi ò fi dárúkọ wọn náà nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe irú wọn, ẹ bi wọ́n bóyá owó láàbù wà nínú iye tí wọ́n dá, kẹ́ ẹ sì gba ọjọ́ èsì ní kíkọ sílẹ̀.

A ti ti yàrá ẹ̀yìn pa, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níwájú. Máńgòrò nìkan ni ò tíì yanjú, wọn ò yẹ èso ẹ̀ wò, wọ́n ní owó ọ̀tọ̀ ni. Ti ọdún yìí pọ́n, ó já bọ́, ewúrẹ́ ló jẹ gbogbo ẹ̀.