Ìrìn ọjọ́ kan láti Inverness: Clava ló tó owó náà jù

Ẹ̀yin èèyàn wa ní London àti Manchester tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé kí ló wà lókè Scotland lọ́hùn-ún yàtọ̀ sí òtútù, ẹ wá gbọ́. Èmi àtìyàwó mi bá bọ́ọ̀sì kékeré kan jáde láti Inverness láàárọ̀, bàbá tó ń wa ọkọ̀ náà ló tún ń ṣàlàyé, ọmọ ìlú yẹn ni, ó mọ ìtàn ilẹ̀ wọn dénú.

Ibi òkúta Clava la kọ́kọ́ yà, ó sì dáa bẹ́ẹ̀ torí èrò ò tíì dé. Ibojì àwọn ará àtijọ́ ni o, ó ti tó nǹkan bí 4,000 ọdún, wọ́n to òkúta jọ bí òkìtì ńlá, wọ́n wá ri àwọn òkúta gíga yí wọn ká. Méjì nínú ẹ̀ ní ọ̀nà tóóró téèyàn lè gbà dé àárín, ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí lóṣù Kejìlá nígbà tí ọ̀sán bá kúrú jù ni ọ̀nà yẹn kọjú sí gan-an. Mo dúró sáàárín ẹ̀, mo ń rò ó pé irú èèyàn pàtàkì wo ni wọ́n sin síbẹ̀ tí wọ́n fi ṣe gbogbo làálàá yìí. Wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Culloden, pápá tí wọ́n ti jagun nígbà kan, ò jìnnà síbẹ̀. April 16, 1746 ni wọ́n ja ogun náà, kò tó wákàtí kan tógun fi parí, ọmọ ogun ìjọba pa àwọn Jacobite tó fẹ́ dá adé padà fún ìdílé Stuart nípakúpa. Orúkọ ìdílé ló wà lára òkúta sàréè wọn, Fraser, Mackintosh, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ìjọba tún fòfin de aṣọ ìbílẹ̀ wọn, ó di 1782 kí wọ́n tó fagi lé e. Èyí dùn mí gan-an, kí wọ́n ní kéèyàn má wọ aṣọ bàbá ẹ̀ mọ́ nílẹ̀ bàbá ẹ̀!

Ẹjọ́ tí mo ní, ti Urquhart ni, ilé olódi tó ti di àwókù létí Loch Ness. Ibẹ̀ rẹwà, mi ò jiyàn, omi yẹn dúdú, ó jìn ju 220 mítà lọ, àwọn ọmọ ogun ìjọba fúnra wọn ló sì fi ẹ̀tù fọ́ ilé náà ní 1692 káwọn Jacobite má bàa rí i lò. Ṣùgbọ́n àkókò ò tó rárá, èrò pọ̀, ká tó tò gun ilé ìṣọ́ gíga yẹn ká sì sọ̀kalẹ̀, wọ́n ti ń pè wá sínú ọkọ̀. Owó ìwọlé ibẹ̀ ò tún sí nínú ohun tá a san, wọn ò sì kọ ọ́ síbi tójú ti lè rí i, ìyẹn ò dáa.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ọkọ̀ èyíkéyìí, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n máa yà ní Clava àti bó ṣe máa pẹ́ tó, èyí tí ò bá yà níbẹ̀, ẹ má bá a lọ jàre. Ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì òjò dání, kódà nínú oṣù Keje, ẹ sì wọ bàtà tó lè tẹ ẹrẹ̀. Kòkòrò wẹẹrẹ kan tún wà tó ń jẹ́ midge, ìyà tó fi ń jẹni létí omi kì í ṣe kékeré, ẹ ra oògùn ìpara ẹ̀ ní Inverness. Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, Urquhart ló jẹ ọ̀kan tó kù.