Ìkìlọ̀: ẹ má sanwó "láísẹ́ǹsì" fún PulseView, ọ̀fẹ́ ni

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ẹlẹ́kitirọ́níìkì, ẹ dákun, ẹ ka eléyìí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. PulseView ni sọ́fítíwíà tó ń fi àmì iná tó ń kọjá lórí wáyà hàn lójú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀rọ ìsàba ẹyin ni mo ń ṣe fún àwọn tó ń sin adìyẹ. Arduino, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan, ló ń darí rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ló sì ń sọ fún un bí inú àpótí ṣe gbóná tó. Àmọ́ lóru, sẹ́ńsọ̀ á ṣàdédé dákẹ́, ooru á sì yẹ̀ kúrò ní 37.5 tí ẹyin fẹ́. Mo wá ń wá logic analyzer tí mo lè fi rí ohun tó ń kọjá lórí wáyà I2C, èyí tí sẹ́ńsọ̀ fi ń bá Arduino sọ̀rọ̀, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Oníṣòwò kan lórí WhatsApp ta àpótí kékeré oníwáyà mẹ́jọ fún mi. Ó ní ojúlówó Saleae ni (ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí), ó ní 100 MHz ni, ìyẹn ni pé ó ń yẹ wáyà wò ní ìgbà mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn tí mo sanwó tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kò lè ṣiṣẹ́ láìsí láísẹ́ǹsì sọ́fítíwíà, ₦65,000 lọ́dọọdún. Mo san ìyẹn náà. Ó fi fáìlì ránṣẹ́, ó ní kí n kọ́kọ́ pa antivirus. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sá, ṣùgbọ́n mo pa á.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti gba Facebook tí mo fi ń tajà, wọ́n ń fi orúkọ mi tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi. Ìyá àgbà kan fi ₦20,000 ránṣẹ́ sí wọn nítorí ó gbà mí gbọ́. Mo ń san án padà fún ìyá náà. Fáìlì yẹn nìkan ni ohun tuntun tó wọ kọ̀ǹpútà mi lọ́sẹ̀ náà.

Nígbà tí mo tẹ About lórí sọ́fítíwíà ọ̀hún, orúkọ sigrok (àwọn tó ṣe PulseView) àti òfin GPL, tó fún gbogbo ènìyàn láyè láti lo sọ́fítíwíà kí wọ́n sì pín in, ló yọ. PulseView ni! Wọ́n kàn pa orúkọ rẹ̀ dà lójú fèrèsé ni. GPL kò ní kéèyàn má tà á o. Ká ní ó sọ pé owó iṣẹ́ òun lòun ń gbà, ń kò ní bá a jà. Irọ́ pé àpótí náà kò ní ṣiṣẹ́ láìsan owó ọdọọdún, àti olè tó dì mọ́ inú fáìlì, ohun tí mo ń bá a jà lé nìyẹn.

Mo tú àpótí náà. Ṣíìpù Cypress CY7C68013A ló wà nínú rẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ olówó pọ́ọ́kú. Ó ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé Saleae lòun, nọ́ńbà ìdánimọ̀ USB 0925:3881 ló ń fi hàn. 24 MHz ni òpin agbára rẹ̀, ó sì yẹ kó yára tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ẹ fẹ́ wò, ó kéré tán. Ó tó fún I2C mi tó jẹ́ 100 kHz. Ẹni tó bá rà á fún SPI 20 MHz (ọ̀nà mìíràn tí ṣíìpù fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tó yára ju I2C lọ), ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni yóò máa rí.

Èyí tó dùn mí jù: ọkùnrin yìí ń sọ fún àwọn oní-inverter pé kí wọ́n so ó mọ́ ibi tí iná ti ń jáde. Ẹ má dán an wò láé! Fólítì 5 ni wáyà rẹ̀ lè gbà, wáyà GND sì gba inú USB lọ tààrà sínú láptọ́ọ̀pù tí ọwọ́ yín wà lórí rẹ̀. Iná NEPA ń pààyàn.

Ẹ lọ sí sigrok.org, ẹ gba PulseView lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí Windows, ẹ fi Zadig (irinṣẹ́ tó ń fi dráífà USB sórí Windows) gbé dráífà WinUSB sí i fún àpótí náà, kí ẹ wá mú fx2lafw nínú PulseView gẹ́gẹ́ bí irú ẹ̀rọ yín. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà tí sẹ́ńsọ̀ ń kà nìkan lẹ fẹ́ wò bó ṣe ń lọ sókè sódò, Serial Plotter inú Arduino IDE tó yín.

Ẹni tó bá ti fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nísinsìnyí, ẹ fi fóònù mìíràn yí gbogbo páásíwọ́ọ̀dù padà, ẹ pe báńkì yín, kí ẹ sì tún Windows gbé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp àti rìsíìtì rẹ́. Èmi ti kó tèmi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.